Má fi catch (Exception e) bo àṣìṣe mọ́lẹ̀

Ọkun o, àbúrò. O ní olùkọ́ yín sọ pé nínú Java, catch (Exception e), ìlà kóòdù tó ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àṣìṣe mú, ti tó kí ètò má baà dákú, o wá ń bèèrè bóyá IOException (àṣìṣe kíkà tàbí kíkọ, bíi ti fáìlì) àti NumberFormatException (nọ́ńbà tí ètò ò lè kà) lè wà nínú catch kan ṣoṣo. Olùkọ́ yín ò tíì jókòó síwájú àwọn ìyá ọlọ́jà tí owó wọn ò pé.

Ètò kan ni mo ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kàbà, tó ń ka owó àjọ láti inú fáìlì. Onímọ̀ kan tí wọ́n fowó pè wá láti Lọ́kọ́ja ló pàṣẹ pé catch (Exception e) ni kí n lò, kí n sì kọ "Nẹ́tíwọ̀kì ò dára" sínú rẹ̀. Mo jiyàn títí, wọ́n ní ọ̀gá ti fẹnu lé e. Bó ṣe di pé owó àwọn kan ò wọlé mọ́ nìyẹn. Wọ́n ra módẹ̀mù tuntun. Akọ̀wé ń gbé kọ̀ǹpútà gun òkè kiri, ó ń wá nẹ́tíwọ̀kì. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni ètò náà sì ń kà o! Ìyá kan láti Ìsánlú ní mo ti jẹ owó òun, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ó ń pariwo. Onímọ̀ ti gbowó tirẹ̀ ní tiẹ̀, kì í gbé fóònù mọ́.

Mo yọ catch rẹ̀ dànù, mo kọ ti NumberFormatException lọ́tọ̀, mo ní kó tẹ e.getMessage(), ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àṣìṣe náà gbé wá, jáde. Ohun tó gbé jáde ni: For input string: "12,500". Kọ́mà lásán! Integer.parseInt, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, kì í gba kọ́mà.

Exception yẹn náà ló máa ń gbé NullPointerException mì, ìyẹn lílo ohun tí kò sí níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé kóòdù tìrẹ ló ní àrùn. Throwable, bàbá Exception, tún burú jù ú lọ, torí OutOfMemoryError (ìgbà tí mẹ́mọ́rì bá tán) pàápàá á kó sí i. Bí o bá to catch tẹ̀lé ara wọn, FileNotFoundException (fáìlì tí a ò rí), ọmọ IOException ni, ìyẹn ẹ̀yà rẹ̀ kan, òun ni kó ṣáájú. Bí bàbá bá ṣáájú, kóòdù ò ní í kọ́ńpáìlì, Java ò ní í gbà á.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè rẹ: ó ṣeé ṣe láti Java 7, ọdún 2011: catch (IOException | NumberFormatException e). Bàbá àti ọmọ ò lè jọ wà níbẹ̀ ṣá. Ṣùgbọ́n tìrẹ, yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹni tí fáìlì rẹ̀ sọnù àti ẹni tó kọ kọ́mà, ohun tí o máa sọ fún wọn ò lè jọra.

Tó bá sì jẹ́ owó tó ní kọ́bọ̀ lo fẹ́ kà, má lo double o, kì í pa iye ẹ̀yìn ojúàmì mọ́ géérégé. BigDecimal ni.