Ṣé ẹni tó ti parí apá ìwé lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn nímọ̀ràn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn, níwọ̀n bẹ́ ẹ ti ka ìwé tán, táwọn èèyàn sì ń sọ pé ẹ mọ ọ̀rọ̀ gbọ́: ó ṣì kù. Ọ̀rẹ́ lè dá sí ọ̀rọ̀, ó lè sọ tiẹ̀, ó lè báni bínú sí ẹni tó ṣẹni. Agbaninímọ̀ràn ò láǹfààní yẹn.

Ìdánrawò ẹlẹ́ni mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fi ń wọni lára. Ẹnì kan á gbọ́, ẹnì kan á sọ ohun tó ń dùn ún, ẹnì kẹta á máa wò láìdá sí i. Ẹ lo bí ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀rọ̀, mẹ́wàá fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ ipò. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mú ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ wá, àmọ́ kó jẹ́ kékeré. Kó má ṣe eré ìtàgé, kó má sì tú egbò ńlá síbẹ̀. Kí ẹni tó ń wò kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ gan-an sílẹ̀, torí “ó dáa” lásán ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Tí gbogbo yín bá gbà, ẹ gba ohùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ jáde, títí kan ibi tẹ́ ẹ ti dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn yín kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó jẹ́: ìbéèrè, ìmọ̀ràn, ìtùnú, àbí ìfihàn pé ọ̀rọ̀ ti yé yín. Ìbéèrè ló máa ń kún ìwé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ká ní obìnrin kan sọ pé: “Látìgbà tí màmá mi ti kú, mi ò tíì lè wọ yàrá wọn.” Tẹ́ ẹ bá ní “Kí ló dé?”, ẹ ti sọ ọ́ dẹni tó ń ro ẹjọ́. Tẹ́ ẹ bá ní “Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa rọlẹ̀”, ẹ ti pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ sọ pé “Yàrá yẹn ṣì nira fún yín láti wọ̀”, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ tó gbé e wá gan-an máa ń jáde nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ bí ayékòótọ́ o. Ohun tí Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1957 ṣì dúró: kẹ́ ẹ má díbọ́n, kẹ́ ẹ gba ẹni náà bó ṣe rí, kẹ́ ẹ sì gbìyànjú láti fi ojú tirẹ̀ wo ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣèlérí láé pé “ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sọ, àárín àwa méjèèjì ni”. Kí ẹni náà tó ya ẹnu ní ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ sọ bí ìjókòó ṣe gùn tó (àádọ́ta ìṣẹ́jú ló wọ́pọ̀), owó rẹ̀, ibi tí àkọsílẹ̀ ń wà, pé alábòójútó yín (agbaninímọ̀ràn tó nírìírí tó ń bójú tó iṣẹ́ yín) á máa gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, àti ìgbà tí àṣírí lè tú: tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu, tí wọ́n bá ń ṣe ọmọdé níkà, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí náà ẹ mọ ti ọ̀dọ̀ yín. Ní California, lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ nínú ẹjọ́ Tarasoff pé tí aláìsàn bá halẹ̀ mọ́ ẹnì kan, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sapá láti dáàbò bo ẹni tó halẹ̀ mọ́ náà.

Tẹ́ ẹ bá fura pé ẹnì kan ń ronú láti para rẹ̀, ẹ bi í láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀: “Ṣó ti wá sọ́kàn yín láti pa ara yín?” Ìbéèrè yẹn kọ́ ló ń fi í síni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè ọ̀nà tó fẹ́ gbà, bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí, àti ìgbà tó rò ó sí. Tí ewu bá ti sún mọ́lé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan; ẹ pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì àti alábòójútó yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má gba mọ̀lẹ́bí, ọ̀gá tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣòwò nímọ̀ràn. Ní ti ìfẹ́, ìlànà American Counseling Association (ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn ní Amẹ́ríkà) ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ ń rí lọ́wọ́, ó sì fi ọdún 5 sí i lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá pínyà. Lójú tèmi, kó má wáyé rárá ló dáa.

Nínú àkọsílẹ̀, ọjọ́, ohun tó sọ, ohun tẹ́ ẹ ṣe àti ohun tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí ti tó. “Ó jọ pé irọ́ ló ń pa” kò yẹ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ohun tóun fúnra rẹ̀ lè kà lọ́la. Ẹ fi àmì dípò orúkọ, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé tó ń tú àmì náà síbòmíì.

Ẹ wá alábòójútó kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, tó bá sì ṣeé ṣe, kó má jẹ́ ọ̀gá tó ń sanwó oṣù yín. Ìjókòó tó tì yín lójú ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ bá a. Ẹ tún ní kó bá yín wo àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ darí sọ́dọ̀ dókítà, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí.