Èsì: Wọ́n ní aláró mi nínú géèmù ò jọ aláró

Ẹ ní nínú géèmù yín, níbi tí kálukú ti ń ṣe bí ẹlòmíì, ẹni tẹ́ ẹ ń ṣe jẹ́ ọ̀gá aláró láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta; ọmọ ọdún 17 ni, ó tún mọ idà lò, ó sì ń wo aláìsàn. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré wá ń sọ pé irọ́ ni. Wọn ò jẹ̀bi o. Ẹnu lásán lẹ fi ń sọ pé ó mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́. Kó yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, kó rí i pé àwọ̀ ewé ló mú jáde, kó má sì mikàn, torí ó mọ̀ pé atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ aró gan-an. Ẹni tí ò mọ̀ á ti máa pariwo pé aró ti bàjẹ́. Ìyẹn nìkan ju kó sọ "ọ̀gá ni mí" lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ. (Ẹ má gbàgbé èékánná rẹ̀ tí aró ti kùn. Òun lèmi kọ́kọ́ máa ń wò.)

Kí iṣẹ́ sì máa kọ̀ fún un nígbà míì: kí ẹ̀kọ tó fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí kì í jẹ́ kí aró mú ibi tí wọ́n bá yà, ṣí kúrò lára aṣọ, tàbí kí aró kọ̀ láti mú aṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 tó mọ aró, tó mọ idà lò, tó tún ń wo aláìsàn? Èmi náà ò gbà.