Ẹ má tíì ṣí pọ́ọ̀tì 5060 yẹn o

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣí 5060, ẹnu ọ̀nà tí ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ sáfà tó ń darí fóònù ọ́fíìsì, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa fi fóònù ọ́fíìsì pè láti ilé, ẹ sì béèrè bóyá password tó le ti tó. Kò tó. Èmi náà ṣí i bẹ́ẹ̀, owó tó bá a lọ ju iye tí a fi ra gbogbo fóònù wa lọ.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Mo dé, kò tíì sí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ iná gbogbo láìnì tó jáde síta ń tàn pupa lójú fóònù ẹnu ọ̀nà. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìpè. Extension 204, ìyẹn nọ́ńbà abẹ́lé fóònù kan nínú ọ́fíìsì, ti ń pe òkè òkun láti òru Sátidé, ìpè mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, fóònù 204 wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, wọn ò tilẹ̀ kì í mọ́ ògiri. Ẹni tó ni ín ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Password rẹ̀ ni 204. Mo fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ lẹ́yìn sáfà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó dìídì dójú sọ wá. Ẹ̀rọ ló ń kan ilẹ̀kùn gbogbo àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí 5060 bá ti dáhùn, á máa dán extension 100, 101, 102 wò lọ. Olè yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà olówó gọbọi ló ń pè, ó sì ní ìpín nínú owó ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Òru àti òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀rọ.

Inú VPN, ọ̀nà àdáni tí a tì pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí fóònù ilé gbà wọlé, ojú ìwé ìṣàkóso náà bẹ́ẹ̀. Kí 5060 ṣí fún àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó ń ta láìnì fún yín nìkan. Bí ẹ bá gbé e lọ sí pọ́ọ̀tì mìíràn, ariwo á dín kù, olè ò ní torí ẹ̀ ṣìnà. Fail2ban, tó ń dí àdírẹ́sì tó bá ń ṣi password léraléra, dára, mo ń lò ó, àmọ́ ẹni tó bá pín ìgbìyànjú rẹ̀ sórí àdírẹ́sì púpọ̀ lè yọ́ kọjá.

Ọ̀nà àbájáde, ìyẹn ibi tí fóònù kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti pè, ló ká mi lára jù. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan á wọlé, kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kan á sọnù. Kí ni fóònù yàrá ìkẹ́rùsí ń wá lókè òkun? Ká ní mi ò fún 204 láṣẹ yẹn ni, asán ni ìwọlé olè náà ì bá já sí. Ní báyìí, ìpè abẹ́lé àti ti pàjáwìrì nìkan ni extension tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ti pàjáwìrì, ẹ má dí i láéláé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan òkè òkun, orílẹ̀-èdè tó ń bá ṣiṣẹ́ nìkan ni mo ń ṣí fún un, ìpè méjì péré lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí rárá lẹ́yìn àkókò iṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún kóòdù 1, tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíà jọ ń lò. Bí ọ̀dọ̀ yín bá ń lò ó, 876 ti Jàmáíkà á dà bíi nọ́ńbà abẹ́lé, ìdíwọ́ òkè òkun ò ní mú un. Ẹ dí ìdarí ìpè síta náà, torí olè lè darí extension sí nọ́ńbà tirẹ̀, kó wá máa pè yín láti ìta. Voicemail tó ń jẹ́ kí ẹni tó pè wọlé tún pe ìta, ẹ pa á.

Kí ẹ sì ní kí ilé-iṣẹ́ láìnì yín fi òdiwọ̀n sí iye owó tí ìpè lè jẹ lóòjọ́. Ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn wà, ẹni tó bá gba gbogbo sáfà yín ò lè yọ ọ́.

Lónìí, ẹ gbé fóònù tí ẹnikẹ́ni kì í lò jù, ẹ fi pe nọ́ńbà òkè òkun kan. Bó bá wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tì.