Ọmọ mi ò fẹ́ bá kíláàsì rẹ̀ lọ sí Canterbury

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin mi fẹ́ kó àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìsìn lọ sí Kàtídírà Canterbury. Ó ní ilé àtijọ́ lásán ni, òun ò lọ. Kí ni kí n sọ fún un? — Ìyá Bọ́lá, Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1864. Bí tíṣà ò bá mẹ́nu kàn án, kí Bọ́lá nawọ́ sókè!

Ọ̀rọ̀ Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà kan, ni wọ́n máa sọ jù, ó sì tọ́. Àwọn jagunjagun mẹ́rin ló fi idà pa á nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní 1170, nítorí aáwọ̀ òun àti Ọba Henry Kejì lórí agbára ìjọ. Kí ó wo ère idà tó wà lára ògiri níbẹ̀ dáadáa: idà méjì ni, òjìji wọn ló sọ wọ́n di mẹ́rin.

Èmi tí mo fi Bíbélì kíkọ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, àtẹ̀gùn òkúta ni mo fẹ́ràn jù. Ẹsẹ̀ àti orúnkún àwọn tó ń wá gbàdúrà níbi ojúbọ Becket ti jẹ ẹ́ wọnú. Henry Kẹjọ ní kí wọ́n wó ojúbọ náà ní 1538, àtẹ̀gùn ò bá a lọ.

Ẹ fún un ní súwẹ́tà o. Ilé òkúta máa ń tutù.