Ẹ Bi Wá Nípa Géèmù: Lámèyítọ́ Ìbọn, Idà àti Ìpinnu

Àwọn tó ń kọ lámèyítọ́ géèmù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé sí wa láti Ilé-Ifẹ̀, Mọ́dákẹ́kẹ́ àti Iléṣà lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ìbọn la fún láàyè jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu òǹkọ̀wé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń kọ nípa géèmù ìbọn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n sì ní ohun kan náà ni mò ń wí ṣáá: "Ìbọn rẹ̀ dùn, àwòrán rẹ̀ mọ́." Báwo ni mo ṣe lè sọ ohun tó mú ìbọn dùn? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ọgbà OAU, Ilé-Ifẹ̀*

ÌDÁHÙN: "Ó dùn" kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà á. Ohun tí ọwọ́ yín ṣe, àti èsì tí géèmù fún ọwọ́ náà, ni kí ẹ kọ.

Iwájú ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ ibi ìdánrawò, ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 10 sí ògiri tó tẹ́jú, ẹ dojú ìbọn kọ àmì kan, kí ẹ sì tẹ mọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ títí ọta yóò fi tán. Ẹ má ṣe yí mọ́ọ̀sì rárá. Ẹ wo bí ihò ọta ṣe tò. Ẹ ki ọta mìíràn, kí ẹ tún un ṣe lára ògiri tó mọ́. Bí ihò ẹlẹ́ẹ̀kejì bá tẹ̀lé ipa ti àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ọwọ́ lè kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni Counter-Strike 2 ṣe rí: AK-47 inú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa gòkè, lẹ́yìn náà á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún yà sí èkejì. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yóò máa fa mọ́ọ̀sì lọ sí òdìkejì ibi tí ìbọn ń lọ. Bí ihò bá ń fọ́n ká lọ́nà ọ̀tọ̀ nígbà gbogbo, kò sí ohun tí ọwọ́ fẹ́ kọ́ níbẹ̀, àfi kí èèyàn máa yìn ín ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Géèmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ èyí tó fẹ́ rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ọta tó ń pa ọ̀tá: sí orí, sí àyà, sí ẹsẹ̀, nítòsí àti lókèèrè. Nínú Counter-Strike 2 kan náà, ọta AK-47 kan péré ti tó pa ẹni tó dé akoto bó bá bà á lórí. Ti M4, ìbọn mìíràn nínú géèmù náà, kò tó. Tó bá jẹ́ àyà ẹni tó wọ ẹ̀wù ayẹta ni AK-47 ń bà, mẹ́rin ló ń gbà. Ìbọn náà ń yin ọta 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìrò: wọ́n á ní ọta mẹ́rin gba 0.4 ìṣẹ́jú àáyá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta àkọ́kọ́ kò dúró de nǹkan kan; àlàfo mẹ́ta ló wà láàárín ọta mẹ́rin, nítorí náà 0.3 ni.

Bí ẹ bá fura pé ìbọn ń lọ́ra, ẹ fi fóònù tó lè ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ya ìka yín àti síkírínì pọ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) 4. Ẹ ka àwòrán láti ìgbà tí ìka tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí dé ìgbà tí iná yọ lẹ́nu ìbọn. Bó bá jẹ́ 12, mìlísẹ́kọ́ǹdì 50 nìyẹn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, torí iye náà kì í dúró lójú kan.

Èyí tí wọ́n máa ń fò jù ni ohun tí ìbọn ń mú kí ẹni tó ń gbá géèmù ṣe. Nínú DOOM ti ọdún 2016, ẹ̀mí yín kì í kún fúnra rẹ̀. Ẹ óò yìnbọn fún ẹ̀dá tí ẹ ń bá jà títí yóò fi máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ẹ tó sún mọ́ ọn láti fi ọwọ́ pa á. Ara rẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń já bọ́. Bí ẹ bá sì fi ayùn oníẹ́ńjìnnì gé e, ọta ni yóò máa dà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kù díẹ̀ kó kú, iwájú ló ń sá lọ. Nínú Halo ti ọdún 2001, ààbò ara máa ń padà kún bí ọta kò bá bà yín fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn òkúta sì ni ẹni tó fara gbọgbẹ́ ń sá lọ. Ìbọn méjì péré lẹ lè gbé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí náà gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí ìbọn tuntun nílẹ̀ ni ẹ ní láti pinnu èyí tí ẹ óò jù nù. Ẹni tó bá kọ̀wé pé ìbọn DOOM dùn láìmẹ́nu ba ibi tí ẹ̀mí ti ń wá kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ: Géèmù tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ń háǹgì lórí lápútọ́ọ̀pù mi. Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò dáa? — *Ọmọ iléèwé girama, Ìsọ̀kùn, Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Má tíì kọ ọ́. Dúró tì í bí òṣómàáló títí wàá fi mọ ẹni tó jẹ gbèsè náà gan-an, bóyá géèmù ni tàbí ẹ̀rọ rẹ.

Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ló ń dín agbára wọn kù bí wọ́n bá ti bọ́ sórí bátìrì, nítorí náà fi ṣáájà sí i kí o tó dán nǹkankan wò. Bó bá ń lọ geere fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wá ń falẹ̀, tí fáànù sì ń pariwo, ooru ni. Gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, gbọn eruku fáànù, kí o tún un wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o sọ ìwọ̀n síkírínì kalẹ̀ láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720. Bí eré rẹ̀ kò bá yá sí i rárá, káàdì àwòrán kọ́ ló ń dá a dúró, CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ní ti géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, bá bọ́ọ̀tì (ọ̀tá tí kọ̀ǹpútà ń darí) gbá a láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá lọ dáadáa, détà rẹ ni kí o bá wí.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí o dé ibì kan ló ń já, tí kò já mọ́ nígbà tí o padà síbẹ̀, géèmù náà ló ń ṣètò àwòrán rẹ̀ nígbà tí o ń gbá a lọ́wọ́. Ẹ̀bi àwọn tó ṣe é nìyẹn lè jẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀.

Má fi ìpíndọ́gba iye fréèmù (àwòrán tó ń tẹ̀lé ara wọn lójú síkírínì) nìkan gbé e fún òǹkàwé. Géèmù tó ń gbé fréèmù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń lo mìlísẹ́kọ́ǹdì 16.7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó gba 200 lè fara pamọ́ sáàárín wọn, ọ̀kan yẹn ló sì ń pani. Kọ irú lápútọ́ọ̀pù rẹ, RAM (ìrántí) rẹ̀, káàdì àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà àtúnṣe géèmù náà. Cyberpunk 2077 jáde ní December 2020 pẹ̀lú àléébù tó pọ̀ débi pé Sony yọ ọ́ kúrò ní ilé ìtajà PlayStation; June 2021 ló padà síbẹ̀. Lámèyítọ́ tí kò sọ nọ́ńbà àtúnṣe lórí irú géèmù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé.

ÌBÉÈRÈ: Géèmù Disco Elysium sọ fún mi pé àǹfààní mi láti yege jẹ́ 97 nínú 100, síbẹ̀ mo kùnà. Ṣé màgòmágó kọ́ nìyẹn? — *Lágere, Ilé-Ifẹ̀*

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe màgòmágó. Dáìsì méjì, irú ti lúdò, ni géèmù yẹn ń jù, yóò sì fi ìmọ̀ọ́ṣe yín kún un. Bí méjèèjì bá mú ení, ẹ kùnà, bó ti wù kí ìmọ̀ọ́ṣe yín ga tó. Bí méjèèjì bá mú ẹẹ́fà, ẹ yege. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, ọ̀kan nínú 36 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 nínú 100.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ nípa rẹ̀ ni ohun tí ìkùnà fún yín. Ṣé ìtàn dúró, tàbí ó yà sí ọ̀nà mìíràn tó dára? Èyí tó funfun nínú àwọn ìdánwò rẹ̀ ṣeé tún gbìyànjú bí ẹ bá fi kún ìmọ̀ọ́ṣe náà. Èyí tó pupa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe padà síbi tí ẹ sééfù sí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kùnà, kí ẹ wá kọ ọ́ pé ìkùnà kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ti Baldur's Gate 3, ẹ wo ètò inú rẹ̀ tó ń jẹ́ Karmic Dice. Ó máa ń dí ọwọ́ ìkùnà léraléra, títàn ni ó sì máa ń wà fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún òǹkàwé bóyá ẹ pa á.

ÌBÉÈRÈ: Wákàtí mélòó ló yẹ kí n gbá RPG (géèmù tí ẹni tó ń gbá a ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn) kí n tó kọ̀wé? — *Òkèèṣà, Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ dán wò ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ. Níbi ìpinnu ńlá kan, ẹ sééfù, ẹ mú ọ̀nà kan, ẹ gbá a síwájú títí ìyọrísí rẹ̀ yóò fi hàn, kí ẹ padà mú èkejì. Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ló yí padà, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí ìlú àkọ́kọ́ nígbà tí ipele yín ti ga. Nínú Oblivion ti ọdún 2006, ọ̀tá ń lágbára bí ẹ ṣe ń lágbára, débi pé àwọn ìgárá ojú ọ̀nà lásán á máa wọ ẹ̀wù ogun olówó iyebíye. Ìyẹn ń gba adùn ìdàgbàsókè lọ́wọ́ ẹni. Bí ìjà bá wà níbẹ̀, ẹ wọn ẹrù yín pẹ̀lú: nínú Elden Ring, ẹrù tí kò tó 30 nínú 100 ohun tí ẹ lè gbé ń jẹ́ kí ẹ yí gbirigbiri yá, tó bá ti dé 70, yíyí náà yóò wúwo, idà yóò sì máa bà yín. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé pé géèmù náà rorò jù kò wo ìwọ̀n yẹn rí.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló ń mú kí ọ̀tá dà bí ẹni tó gbọ́n? — *Màyàfíà, Ilé-Ifẹ̀*

ÌDÁHÙN: Ariwo wọn wà lára rẹ̀. Nínú F.E.A.R. ti ọdún 2005, àwọn ọmọ ogun máa ń kígbe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ara wọn, etí yín á sì gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Láti dán an wò, ẹ fara pamọ́ sí ibì kan, kí ẹ má yìnbọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn wá, tàbí wọ́n ju bọ́ǹbù síbẹ̀, wọ́n gbọ́n. Bí wọ́n bá ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa kọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí a fojú àánú wo géèmù tí àwọn ará wa ní Áfíríkà ṣe? — *Ìmọ̀, Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Rárá o. Kiro'o Games ti Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde ní 2016, RPG tó ní ìjà gidi nínú. Òṣùwọ̀n tí ẹ fi wọn ti Japan ni kí ẹ fi wọn ìjà rẹ̀. Bí a bá ń fi àánú yìn wọ́n, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa tún ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọdún 13 fẹ́ kí n ra géèmù ìbọn fún òun. Kí ni kí n wò? — *Ìyá ọlọ́mọ, Mọ́dákẹ́kẹ́*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ wo nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ tàbí ojú ìwé tí wọ́n ti ń tà á. Ti PEGI, tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, jẹ́ 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ohun tó wà nínú géèmù ni nọ́ńbà náà ń sọ, kì í ṣe bó ṣe le tó. DOOM ti 2016 jẹ́ 18, kò sì yẹ ọmọ yín. Bó bá jẹ́ orí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ ti rà á, ẹ lè béèrè owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, bí ọmọ kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Ẹ jókòó tì í ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn.