Nǹkan oṣù mi ń ṣe ségesège, ọkàn ìyá àfẹ́sọ́nà mi kò sì balẹ̀ mọ́

Ẹ káàsán mà, Àǹtí. Ọmọ ọdún 24 ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí. Oṣù kejìlá ọdún yìí ni ìgbéyàwó mi. Nǹkan oṣù mi ń ṣe ségesège. Lóṣù kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i: ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 30. N kò rí i rárá lóṣù kejì. Lóṣù kẹta, ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 30. Lẹ́yìn náà ó wá lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń fi wà lára mi. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá ní ọjọ́ kan pàtó, ilé ọmọ rẹ̀ ló dọ̀tí, kò sì ní tètè rí ọmọ bí. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ alágbo, àgbo inú ọtí ni mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́ báyìí. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 náà kò rí tirẹ̀ láti bí oṣù méjì. Ṣé ìdílé wa ló ni ín ni?
Ọmọ Oròkí, Òṣogbo.

Ọmọ Oròkí, o kú iṣẹ́, o sì kú ìpayà. Inú mi dùn pé o kọ àwọn ọjọ́ náà sílẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí n lè dá ọ lóhùn. Gbé kàlẹ́ńdà, ká jọ kà á.

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Láti ibẹ̀ lo ó ti máa kà á títí di ọjọ́ tí òmíràn bá tún yọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń kà á láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá, ìyẹn ni ìṣirò wọn ṣe ń dàrú. Tìrẹ rèé: láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ 28. Láti ibẹ̀ dé ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ọjọ́ 31, nítorí ọjọ́ 28 péré ni oṣù kejì ọdún yìí ní. Láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 30 oṣù kẹta, 28. Láti ibẹ̀ sí ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, 30. Títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, 28.

Ọjọ́ 28, 31, 28, 30, 28. Ibo ni ségesège wà níbẹ̀, ọmọ mi? Oṣù kejì tí o ní o kò rí nǹkan oṣù, oṣù náà ló kúrú, ara rẹ kò fo ohunkóhun. Èyí tó yẹ kó bọ́ sí ìparí rẹ̀ ló bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù kẹta. Oṣù tó sì ní ọjọ́ 31 láyè tó láti gba méjì.

Fún àgbàlagbà obìnrin, bí ọjọ́ tó wà láàárín àkọ́yọ kan sí èkejì bá ti wà láàárín 21 sí 35, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń wá fún ọjọ́ 2 sí 7, ó dára. Kò pọn dandan kó dọ́gba lóṣooṣù. Ọjọ́ 28 tí gbogbo èèyàn ń pè, àpẹẹrẹ ni wọ́n fi ń ṣe, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn le koko ni kò ní irú rẹ̀ rí.

Ìdí tó fi ń sún síwá sẹ́yìn ni pé ẹyin obìnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó nínú ilé ẹyin kó tó jáde. Ìwọ tó ń ta àdìrẹ mọ̀ pé ìkòkò aró kan lè tètè tó lò, kí òmíràn gba ọjọ́ díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyin. Ìrònú, ibà, ààwẹ̀, kéèyàn rù lójijì tàbí kó sanra púpọ̀, gbogbo rẹ̀ lè fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí ẹyin bá ti jáde, tí oyún kò sì dúró, ẹ̀jẹ̀ á yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ̀lú irú òǹkà tìrẹ yìí, ẹyin á máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 sí 17. Nígbà tí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú ìgbà náà àti ọjọ́ náà gan-an ni oyún ti lè dúró. Má fi ìṣirò yìí dènà oyún o, kò ṣeé gbára lé fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ tó dọ̀tí wá kù. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí. Ilé ọmọ ló tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de oyún, tí oyún kò bá wá, ó ká a kúrò. Kò sí ohun tó kó jọ síbẹ̀ tí àgbo fẹ́ fọ̀. Jọ̀ọ́, dáwọ́ àgbo inú ọtí yẹn dúró lónìí. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ ló ń ru ẹrù náà, bí o bá sì lóyún láìmọ̀, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Má ra oògùn tí wọ́n fi ń fa nǹkan oṣù wá ní kẹ́míìsì pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ pé o kò mu àgbo tí ìyá ọkọ ẹni rà. Má bá wọn jiyàn. Jókòó ti àfẹ́sọ́nà rẹ, fi òǹkà yìí hàn án, kí òun lọ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá náà ń wá ọmọ-ọmọ, kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Bí wọ́n bá tún ní dandan, dá wọn lóhùn pé: "Ẹ ṣé mà, dókítà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí." Lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí ẹ bá ti wà pa pọ̀ fún ọdún kan láìlo ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí oyún kò dé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo wí, nítorí àìrọ́mọbí kì í ṣe ti obìnrin nìkan, bó ti wù kí wọ́n máa na ìka sí wa tó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí tiyín dàrú lóòótọ́, ẹ má fi lẹ́tà yìí tu ara yín nínú. Bí ó bá ń yọ kí ọjọ́ 21 tó pé, tàbí tó ń ré kọjá 35 lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì láàárín wákàtí kan, tí èkejì náà tún kún bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń dì ní gbùúgbùú, ìju lè wà nínú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ara yín sì lè ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, kò yẹ ká fojú kékeré wò ó. Bí kò bá wá fún oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò oyún ni àkọ́kọ́. Tí kì í bá ṣe oyún, họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà inú ara tó ń darí nǹkan oṣù, lè ti dàrú, pàápàá tí irùngbọ̀n bá ń hù, tí rorẹ́ sì ń pọ̀ lójú. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta náà máa ń dá a dúró. Nọ́ọ̀sì tó gún un lẹ máa bi. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Aṣúbíaró ní Òṣogbo níbí, ilé ìlera alábọ́ọ́dé sì wà ládùúgbò. Ẹ kọ ọjọ́ yín dání lọ, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ní ti àbúrò rẹ: ìdílé yín kọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó wà létòlétò, ọjọ́ 45 pàápàá kò burú fún un. Ṣùgbọ́n bi í léèrè jẹ́jẹ́, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà, bóyá ọkùnrin kankan ti fọwọ́ kàn án. Má jágbe mọ́ ọn. Bó bá sì tó ọjọ́ 90 tí kò tíì rí i, ìwọ gan-an ni kí o mú un lọ sílé ìwòsàn, má jẹ́ kí ó dá lọ.