Orin tí kì í ṣe tiwa làwọn èèyàn ń bèèrè

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin àtijọ́ ẹlòmíì kan ló ń gbé wa níyì lóde ìnáwó. Ṣùgbọ́n ohùn akọrin wa máa ń já níbi ègbè, gángan sì máa ń dẹ̀ lóru. Kí la lè ṣe? Olórí ẹgbẹ́ eléré, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ta ló ní dandan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní kíì (ìpele ohùn) tí olórin náà lò? Ibi tó ga jù nínú orin ni kẹ́ ẹ fi wọn ohùn, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Bí akọrin ò bá lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìfipá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, bíi láti kíì G sí kíì F. Bọ́tìnnì Transpose ara kíbọ́ọ̀dù, tó ń gbé kíì sókè tàbí sísàlẹ̀, á ṣe é: ẹ gbé e sí -2. Ẹ dá a padà sí 0 kí orin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gìtá á máa lọ sọ́tùn-ún, kíbọ́ọ̀dù sósì.

Ní ti gángan, ọ̀rinrin ọ̀sà ló ń mú awọ dẹ̀. Ẹ yá a sóòrùn nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fa ọṣán rẹ̀ le. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná jù, awọ á fà ya. Kó sì dákẹ́ nígbà tí akọrin bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má bẹ̀rù àtúnṣe. Bob Dylan, olórin ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé orin All Along the Watchtower jáde lọ́dún 1967. Jimi Hendrix, onígìtá ará Amẹ́ríkà, tún un kọ lọ́dún 1968, Dylan fúnra rẹ̀ sì wá ń kọ ọ́ bíi ti Hendrix.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ gbà á sílẹ̀ fún títà, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí orin náà.